Ìṣákọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣì pè.
Mo ní òjò. Ìrì ni.

Ó di ọdún kẹrin tí mo ti ń kọ orin náà kiri,
láti Ṣàgámù dé Ìṣarà, dé Òdè.
Yàrá kótópó kan lẹ́yìn ilé epo ní Mákun ni a ti gbà á sílẹ̀,
a fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù di fèrèsé
kí tírélà má bàa bá wa gberin.
Mo tẹ̀ ẹ́ sí síídì, ẹgbẹ̀rún kan,
àwòrán mi lójú páálí, èmi àti gíláàsì dúdú,
orúkọ mi gàdàgbà.
Ẹni tó ni orin ńkọ́? Mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn:
Orin àtijọ́.
Bí ẹni pé àtijọ́ ló jókòó lórí àpótí
tó ń wá ìlà kẹta títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìpẹ́rù ni ọwọ́ ti bà mí.
Obìnrin kan ń bó obì lábẹ́ àtíbàbà,
fóònù ọmọ rẹ̀ ń kọ orin mi.
Mo dúró, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ń retí kó dá mi mọ̀.
Kò gbójú sókè.
"Ta ló fi òjò sí i? Ìrì ni bàbá mi wí.
Òjò wo ló ń rọ̀ láàárọ̀ ọyẹ́?"

Òdúnúgà ni bàbá rẹ̀,
bíríkìlà tó mọ ilé fún ìdajì àdúgbò
tó sì kú sínú yàrá tó háyà.
Mórádékẹ́ ni òun.
Ó nu ọwọ́ tí oje obì ti pa láró,
ó ní, "Mélòó lo tà?"

Mo ní irínwó.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni.

Bàbá bàbá mi dáko obì lórí ilẹ̀ onílẹ̀.
Lọ́dọọdún, kí a tó ta ẹyọ kan,
a ó ṣa ìpín onílẹ̀ sínú agbọ̀n, a ó fi ewé bò ó,
a ó rù ú lọ sílé rẹ̀, a ó dọ̀bálẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ pé àwa ò ṣiṣẹ́.
Àwa la ro ó, àwa la gùn ún,
àwa ni tanpẹ́pẹ́ jẹ lórí igi.
Ṣùgbọ́n gígùn igi kò sọni di onílẹ̀.
Ohùn ni tèmi, gìtá ni tèmi.
Ilẹ̀ tí mo dúró lé kọrin, Òdúnúgà ló ni ín.

Mo ti dé Ìkẹ́nnẹ́ kí inú mi tó kọ̀ ọ́.
Mo ní kí ọlọ́kadà yí padà. Ó gba owó méjì.

Ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní, "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni, mà."
Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó ta irínwó
kì í wolẹ̀ tó bẹ́ẹ̀."
Kò gbàdúrà fún mi, kò fomi lọ̀ mí.
Ìwé tó fi ń ka obì ló fà yọ,
ó fa ìlà sí i, ó ń ṣírò, ó ń lá bébà ìka:
ogójì náírà lórí ẹyọ kan.
Wọ́n ní a fẹ́ràn owó ní ìhà ibí. Wọn ò parọ́.
Ṣùgbọ́n ojú ara wa la fi ń kà á,
gbèsè kì í sì í jẹrà nínú ìwé wa.
Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ó kọ ọ́:
Owó orin Bàbá. Ó ku mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Kò sì jẹ́ kí n dìde àfìgbà tí mo kọ ìlà kẹta fún un,
lẹ́ẹ̀mẹta, bí ọmọ iléèwé.

A ti tún un gbà sílẹ̀. Orúkọ Òdúnúgà ti wà lójú páálí,
ó sún gíláàsì mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Mo ti san ti Ẹrẹ́nà.
Àmọ́ lórí pèpéle ní Ìlíṣàn lálẹ́ àná,
bí mo ṣe dé ìlà kẹta,
ẹnu mi tún já sínú òjò.

Mórádékẹ́ wà láàárín èrò.
Ó gbé ìka kan sókè.