Gígé Kọ́ Ni Lílà

Ìjì àkọ́rọ̀ ló wó ọ̀gànwó bàbá mi
lóko wa lọ́nà Ìdànrè.
Kòkó mẹ́sàn-án ló bá a lọ.
Àwọn onípákó wá, wọ́n fẹsẹ̀ ta ìtì rẹ̀,
wọ́n dárúkọ owó kan
tí kò tó ra pósí ẹni tó dá a sí
lọ́dún tó ń ṣán igbó náà.
Ni mo bá gba Àkúrẹ́ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Akínbóyèwá lójú títì Ọ̀dà,
ayùn ẹlẹ́ńjìnnì so rọ̀ lára ògiri
bí itan ẹran lọ́dọ̀ alápatà.
Ọ̀kan ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.
Mo na ìka sí i.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"
Mo ní igi ni.
"Gbogbo ẹni tó ń wọlé níbí, igi ni.
O fẹ́ gé e ni, àbí o fẹ́ là á?"

Mo dákẹ́. Èmi ọmọ oko,
mo ti rò pé ọ̀kan náà ni.

Ó yọ orín lẹ́nu, ó fi èékánná tọ iṣan rẹ̀.
"Wò ó. Ẹni tó ń gé igi, títì ló ń sọdá:
ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti kọjá.
Ẹni tó ń là á ń rin títì ọ̀hún ni,
láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú oòrùn.
Èyí tó ń dán yìí á gé e fún ọ.
Tó bá di lílà,
kó tó dé ìdajì pákó kan
á máa mí hẹlẹhẹlẹ
bí àlejò lórí àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè."

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó pẹ́.
Ohun tó gbé jáde ti họ lára,
irin abẹ rẹ̀ gùn ju apá mi lọ.
Bí mo ṣe gbà á, èjìká mi kígbe.
Ó fa ìka mi sórí eyín rẹ̀:
"Ti ìgégi máa ń bu igi jẹ. Eléyìí ń fá a ni,
bí a ṣe ń fá orí ọmọ tuntun.
Pọ́n ọn nígbàkigbà tí o bá rọ epo.
Tí ìyẹ̀fun pákó bá ń kúnná bí ẹ̀lùbọ́,
tí kò rí bíi gàrí mọ́,
dúró. Eyín ti kú.
Má sì jẹ́ kí ṣéènì gbẹ. Òróró tirẹ̀ lọ́tọ̀."

Iye tó pè ju ti èyí tó ń dán lọ.
Mo ní, "Èyí tó ti gbó?"
Ó ní, "Ogún ọdún ni ọkọ mi fi í la pákó."
Lẹ́yìn náà, kíá:
"Kì í ṣe òun ló pa á o. Ibà ni."

Mo san ìdajì. Ó kọ ìyókù sínú ìwé,
kò béèrè onídùúró.

Mo gbé e lé itan bí ọmọ nínú ọkọ̀,
epo ń rùn lára ṣòkòtò mi,
ẹni tó jókòó tì mí ń fà sẹ́yìn.
Nígbà tí mo dóko, ọ̀gànwó ṣì dùbúlẹ̀.
Ewé orí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.
Kò tíì sí ẹni tó sọ fún wọn.