Ìṣirò Létí Odò Jámúnà

Nígbà tí mo gbé páálí ṣọ́ọ̀kì mi dé Nótùn Díárà,
igba ìṣísẹ̀ ó lé méjìlá ni
láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwé dé etí omi.
Èmi fúnra mi ni mo kà á, bàtà lọ́wọ́,
iyanrìn ń jó mi lẹ́sẹ̀,
àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé mi, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.
Àlejò ní í ka ohun tí onílé ti pa tì.

Músítádì ti yọ òdòdó nígbà náà,
oko pọ́n bí ìyeyè dé ibi tí ojú ò tó.
Ambíyà sá ata sórí òrùlé páànù rẹ̀,
ẹni tó bá ń kọjá yóò sín lẹ́ẹ̀mẹta
kó tó rí ẹnu kí i.
"Tíṣà," ó ní, "ilé tí ẹ ń wò yìí,
ìgbà kọkànlá tí mo máa tò ó nìyí.
Mo mọ ìṣó rẹ̀ bí mo ṣe mọ eyín ẹnu àwọn ọmọ mi."

Òjò dé.
Yìnyín yọ́ lórí òkè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí rí,
odò wá dà bí tíì tí wọ́n da wàrà sí.
Àádóje ìṣísẹ̀.
Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Lóru, a ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń já:
gbìì,
ó dákẹ́,
gbìì,
bí àgbàlagbà tó sanra tó rọra ń jókòó.

Mo kọ ọ́ sójú pátákó.
Mo ní, kí la máa ṣe sí igba kó tó lè di àádóje?
Rúpbán nawọ́, ọmọ tó kéré jù lọ ní kíláàsì.
"Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan, sà.
Ẹ ṣáà dúró."

Bàbá Mọyẹ́jì kó rìsíìtì owó ilẹ̀ sínú agolo bisikíìtì,
ó fi ọ̀rá wé e.
Oko tó ń sanwó lé lórí, ẹja ló ń jẹ̀ níbẹ̀
láti ọdún mọ́kàndínlógún.
"Ilẹ̀ ò kú," ó ní, "ó lọ wẹ̀ ni."
Ó na ìka sí àárín alagbalúgbú omi,
ó fi ìka náà fa ààlà:
igi máńgòrò níhìn-ín, ibojì ìyá mi lọ́hùn-ún,
ẹ má tẹ̀ ẹ́.
Ọkọ̀ akérò kan gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tó ku ogún ìṣísẹ̀, ilé ìwé di ẹrù.
Páànù mẹ́rìndínlógójì, ọparun, ilẹ̀kùn kan,
pátákó dúdú, iṣẹ́ àná ṣì wà lára rẹ̀.
Ambíyà há ìṣó sẹ́nu,
ó na ìka méjìlá sí mi, mẹ́wàá rẹ̀, méjì tèmi.

Odò lé wa níhìn-ín,
ilẹ̀ lé lódìkejì:
iyanrìn tútù, eèsún, ẹyẹ funfun kan
tó wò wá bíi pé àwa la jẹ ẹ́ lówó.
Rúpbán ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń kà sókè.
Ó ka ọ̀ọ́dúnrún, ó ṣìnà, ó padà sí ení.

Bàbá Mọyẹ́jì bu iyẹ̀pẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀,
ó fi díẹ̀ kan ahọ́n.
Ó ní tòun ni.
Ẹnikẹ́ni ò bá a jiyàn.
Ẹ̀pà wà nílẹ̀ tí a fẹ́ gbìn.