Lẹ́tà Ńlá, Lẹ́tà Kékeré

Nẹ́pà mú iná lọ ní Òkè-Ìjẹ̀bú kí n tó bu òkèlè kejì.
Mo gbé abọ́ tì, mo jókòó sẹ́nu ìloro
pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí kò ju ìwé àdúrà màmá wa lọ.
Línúsì ló ń mí nínú rẹ̀.
Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan ló tà á fún mi ní Oyèmẹ́kùn,
ó ní, "Ohun tó o bá fẹ́ ni yóò ṣe, bó o bá lè bẹ̀ ẹ́."

Sídì mẹ́ta ni géèmù yẹn láyé ìjọ́sí.
Adéwùsì ẹ̀gbọ́n mi fi rọ́bà dì wọ́n,
ó kọ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN sára páálí.
Ta ló ń bá wí bí kò ṣe èmi,
èmi tí mò ń dúró sẹ́yìn àga rẹ̀
tí mò ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará inú géèmù sókè fún un,
torí mo mọ̀wé kà jù ú lọ, kò sì jẹ́ gbà.
Kọ̀ǹpútà ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta.
Bàbá ń pariwo láti yàrá pé owó epo jẹnẹrétọ̀ ń jó.

Sídì kan ti sán. Ọ̀kan sọnù.
Ìkẹta ni màmá so mọ́ igi lóko àgbàdo ẹ̀yìnkùlé,
ó ń kọ mọ̀nà, ẹ̀gà ń sá.
Inú háàdì àtijọ́ tó wà nínú àpò ìrẹsì
ni mo ti rí gbogbo rẹ̀ kó,
mo dà á sínú káàdì tí kò tó èékánná.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ dúdú.
Mo tún un tẹ̀. Ó ní òun kò rí máàpù.
Kò rí i kẹ̀? Ó wà níbẹ̀!
Òru mẹ́ta ni mo fi bá a ṣàròyé
kí n tó mọ̀ pé ohun tí kọ̀ǹpútà ìjọ́sí ń gbójú fò,
eléyìí kì í gbójú fò ó:
MAAPU kì í ṣe Maapu, Maapu kì í ṣe maapu,
bí ọkọ́ ò ti jẹ́ ọkọ̀,
bí igbá ò ti jẹ́ igba.
Mo bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.
Èmi tí wọ́n bí sínú ohùn mẹ́ta,
lẹ́tà lásán ló wá fẹ́ pa mí lóru.

Mo tún fáìlì sọ lórúkọ, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan,
igba ó lé mẹ́rìnlá.
Ọ̀jọ̀gbọ́n ì bá kọ àṣẹ ìlà kan. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Lálẹ́ yìí orin rẹ̀ jáde, tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn létí.
Ibi ìfipamọ́ ṣí: WUSI IKEYIN.
Ọmọ ogun kékeré kan dúró lẹ́bàá afárá,
idà kúkúrú, ìgò oògùn kan,
ọdún mọ́kàndínlógún, kò tíì gbẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà ìsìnkú bàbá, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìdànrè yẹn,
"ẹ kú ọdún" nìkan ló kù láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi.
Mo ya fọ́tò afárá náà,
mo fi ránṣẹ́ sí i ní ìlú òtútù rẹ̀,
n kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

Kò pẹ́ tí fóònù gbọ̀n lórí ìtàn mi:
"Má sọdá o! Oògùn kan ló kù lọ́wọ́ mi.
Padà sí kànga apá ìwọ̀ oòrùn, mo fi mẹ́ta pamọ́ síbẹ̀."

Lọ́wọ́ mi, ló wí.

N kò fèsì.
Mo yí ọmọ ogun náà padà.
Bátìrì ku ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Ó lè gbé wa dé kànga.