Dúró Ná

Tálátù ti bu omi adágún Jàbí dé kílẹ̀ tó mọ́,
ó lẹ bébà mọ́ ike náà:
ọjọ́, aago, ibi tí omi ti tutù jù.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀kán omi kan:
ilé dígí, ilé dígí, ilé dígí,
kò sí bíríkìlà tó kọ́ wọn,
onílé kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
aláwọ̀ wúrà, tó ń mu oòrùn àárọ̀ bí ẹni ń mu kúnú.
Dáyátọ̀mù là ń pè é.

Nínú onílé yìí ni àbùdá kan wà.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.
Nọ́ńbà la fi ń pè é; kò tíì lórúkọ.
Iṣẹ́ rẹ̀? Ó ń bí òṣìṣẹ́ kan
tó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
tí kì í jẹ́ kí purotéènì kọjá
láìjẹ́ pé ó so ṣúgà mọ́ ọn lára.
Kì í ṣe fún jíjẹ o.
Ṣúgà tí í jẹ́ kó mọ bí yóò ṣe ká ara rẹ̀ jọ,
kí ibi tó ń lọ lè dá a mọ̀.

Ìyá mi náà ń ṣe é.
Ní Kafáńṣàn, nílé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè,
bí mo bá ti gbé báàgì, tí ẹsẹ̀ kan ti bọ́ síta,
á ní, "Dúró ná,"
á ki ṣúgà onígun kan bọ àpò mi.
N kò bi í léèrè rí.
Kí n tó dé sùkúù yóò ti yọ́ mọ́ aṣọ,
èèrà á sì máa tẹ̀lé mi.

Oṣù tó kọjá la pa àbùdá yẹn lẹ́nu mọ́.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ náà;
Tálátù ń rọ dísù sínú jẹnẹrétọ̀,
ó ń bú àwọn oníná ní èdè Haúsá tó yé mi yékéyéké.
A rò pé wọn yóò kú.
Wọn ò kú.
Ilé dígí wọn pé, oòrùn ni wọ́n ṣì ń mu,
ṣùgbọ́n wọn ò lè di nǹkan mú mọ́:
a mi àwo báyìí, wọ́n ṣí,
wọ́n ń léfòó kiri bí àlejò tí àdírẹ́sì sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: "Kò lẹ̀ mọ́."
Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn títí aago mẹ́wàá fi lù.

Ní ṣọ́ọ̀bù Málàm Írò, mo ra páálí ṣúgà.
Ó ní, "Màdáámù, ṣebí ẹ kì í mu tíì?"

Ọmọ mi ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Sókótó lọ́la.
Ó ti ga jù mí lọ, kò fẹ́ wàhálà.
Àpò mẹ́fà ló wà lára báàgì rẹ̀.
Mo mọ èyí tí kì í ṣí.