Ilẹ̀kùn Mẹ́rìndínlógún

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ki rọ́bà ìgbọ́kàn bọ etí
ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbà, ní Ìdí-Àbà.
Mo mọ ọkàn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé mọ́:
á dún gbì, á sì fi súfèé kékeré tẹ̀ lé e,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan tó ń padà wá mú un.

Nítorí náà, nígbà tí Kàmáró mi dé ìdajì Òkè-Ìléwó
tó ń wúkọ́, tó ń ta pápàpá
bí epo àkàrà tí omi kán sí,
n kò pe rìwáyà, n kò pe pásítọ̀.
Mo ní, "Fáàfù ni."

Líádì, mẹkáníìkì mi ní Lafẹ́nwá, rẹ́rìn-ín.
"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo púlọ́ọ̀gì."
Ó wo púlọ́ọ̀gì. Ó wo kàbúrétọ̀. Ó wo ojú mi.
Ìgbà náà ló mú sukudiráfà gígùn,
ó fi ẹnu irin lé ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ sétí,
ó dijú.
Mo rí i, mo mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe.

"Sípíríǹgì ló ti rẹ̀," ó wí.
"Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń dìde láti àádọ́ta ọdún!
Bí ẹ bá rọra rìn, ó ṣì lè bá a.
Bí ẹ bá tẹ iná wọlẹ̀,
ilẹ̀kùn á ṣì là sílẹ̀ nígbà tí písítìn ti ń bọ̀."
Ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo gbọ́ òṣé.
"Sàlẹ́ńsà yìí náà ńkọ́? Ẹran ńlá, imú èkúté."

Àbúrò mi Ṣóbándé ní kí n tà á fún onírin àlòkù.
Ó ní owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ni wọ́n fi ń ra ariwo.
Lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ náà
lọ́wọ́ òyìnbó onísìmẹ́ńtì tó ń kẹ́rù lọ sílé,
ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ọjọ́ kẹwàá ló ní kí n gbé òun dé Ṣágámù.

Sípíríǹgì tuntun ti Ládípọ̀ dé nínú páálí bàtà,
mẹ́rìndínlógún, wọ́n le gbagidi
bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ rọ lágbo.
Kàmọ́rù ọmọṣẹ́ béèrè ìdí tí ọ̀gá fi ń ki okùn
gba ihò púlọ́ọ̀gì wọ inú ẹ́ńjìnnì.
"Kí fáàfù má bàa já sínú," mo ti dáhùn kí ọ̀gá tó lanu.
Okùn òwú, irú èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́.
Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, písítìn gbé okùn,
okùn gbé fáàfù dúró
bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń gbé orí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.
Wọ́n yọ arúgbó, wọ́n fi ọ̀dọ́ rọ́pò.
Wọ́n fa okùn jáde, ó ti dúdú.
Ó kan ihò kejì.
A ò rántí oúnjẹ títí rélùwéè ọ̀sán fi kọjá.

Ṣótáyọ̀ wẹ́dà kì í sọ̀rọ̀. Iná rẹ̀ ló ń sọ ọ́.
Páìpù méjì, mẹ́rin mí sí ọ̀tún, mẹ́rin mí sí òsì,
ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Mo kì í bọ̀ ọ́.

Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ewúrẹ́ méjì sá wọ ṣọ́ọ̀bù onítáyà.
Líádì na sukudiráfà sí mi, mo fi sétí:
gbì, gbì, gbì, gbì. Kò sí súfèé.

Nírọ̀lẹ́ a padà sí Òkè-Ìléwó, mo tẹ iná wọlẹ̀.
Abẹ́ òkúta la wà, ohùn kì í sọnù níbí:
àpáta kan gbà á, ó jù ú fún èkejì,
ó tó kí a ti débi gíga kí wọ́n tó bá mi ṣírò rẹ̀ tán.

Mo paná. Mo fi ìka mẹ́ta kan ọrùn ọwọ́ mi,
ọwọ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Súfèé kan wà nínú tèmi náà,
ọdún kejì rèé tí dókítà ti sọ fún mi.
N kò sọ fún Líádì.
Mo ní kó bọ́ sílẹ̀,
kó wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò.