Ẹwìrì

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí iná lọ.
Iná a máa lọ l'Óṣogbo, kò sẹ́ni tí í tìtorí ẹ̀ sunkún,
ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù tí Ṣèfíù sùn sí
ẹ̀rọ ní í bá a mí.
Bátìrì inú ẹ̀rọ náà ti darúgbó.
Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ sọnù,
ó dákẹ́.
Lẹ́yìn ògiri, jẹnẹrétọ̀ húkọ́, ó tún húkọ́, kò dìde.

Nọ́ọ̀sì Fọyèkẹ́ ti fi tọ́ọ̀ṣì há abíyá.
Ó ki báàgì bọ rọ́bà tó gba ẹnu àbúrò mi wọ gògóńgò,
ó fà mí lọ́wọ́:
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá fún un. Aláìsàn kejì ń dúró dè mí."

Fún un.
Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń fún aṣọ kó lè gbẹ,
òun náà la fi ń fún ọmọ lóúnjẹ.
Mo fún un.
Àyà rẹ̀ gbéra, ó tún wálẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí mi.
Nínú àgbẹ̀dẹ bàbá wa n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
èmi, obìnrin, ni mo ń fi ẹwìrì fẹ́ná,
nítorí ọmọkùnrin tí wọ́n ń retí ṣì wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já,
Ṣèfíù yìí náà,
tí kì í sùn àfi bí ẹwìrì bá ń mí.
Bí apá bá ń ro mí tí mo bá sinmi, á lajú, á figbe ta.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sáré.
Mo ń fún, mo ń fún, bí ẹni tí irin fẹ́ tutù mọ́ lọ́wọ́,
títí Fọyèkẹ́ fi di ọrùn ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn.
"Ẹ rọra. Orí ló fi ṣubú.
Bí ẹ bá ń dà á lé e báyìí, iṣan orí á fún pọ̀,
ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà dé ọpọlọ.
Bí ẹ bá sì gbàgbé, ọpọlọ á wú, kò sì síbi tó máa wú sí.
Ẹ kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.
Ní àrún, ẹ fún."

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èémí náà a máa pọ̀ jù.
N kò mọ̀ pé a lè fi ìfẹ́ fún ènìyàn lọ́rùn.
Ení, èjì.
Akoto tí mo rà fún un ṣì wà nínú ọ̀rá, lórí kọ́bọ́ọ̀dù.
Ẹ̀ta.
Ó ní kò jìnnà, Ọláìyá lásán, òun ń bọ̀.
Ẹ̀rin.
Ìbínú kò ráyè nínú òǹkà yìí.
Àrún.

Iná dé kí n tó mọ̀ pé àtàńpàkò mi ti wú.
Ẹ̀rọ ṣẹ́jú, ó la ojú aláwọ̀ ewé,
ó gba àbúrò mi padà lọ́wọ́ mi
láì kí mi kú iṣẹ́.

Ní ìdájí, Fọyèkẹ́ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rọ́bà ńlá
láti fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀,
àyà Ṣèfíù sì ta gìrì.
Kò ní ohùn. Ọ̀fun tí rọ́bà gbà kì í pariwo.
"Ó húkọ́," ni Fọyèkẹ́ wí,
ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ aago tì í.
Ikọ́ tí a máa ń fi orógbó lé nílé wa,
mo fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ kí i.
Dókítà ò ṣèlérí kankan. Ó ní ká ṣì máa wò ó.

Mo jáde lọ ra búrẹ́dì fún ìyàwó rẹ̀
tó sùn sórí ẹní ní kọ́rídọ̀ pẹ̀lú oyún oṣù méje.
Ọmọ oníbúrẹ́dì ń wo ọwọ́ ọ̀tún mi tó ń ṣí, tó ń pa dé.
"Màmá, kí lẹ ń fún?"
Ẹnu mi ò ráyè.
Mo ti ka ẹ̀rin.