Ìwé Gbèsè Ṣóbándé

Ẹ̀dà tí mo ní kò ní ewé mẹ́ta àkọ́kọ́,
ikán ti ka tirẹ̀ kí n tó dé.
Bàbá mi rà á ní Sápọ̀n lọ́dún tí wọ́n bí mi,
ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo:
"Yìnyín a máa dákẹ́ kó tó já bọ́."
Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà ní irọ́ ni,
yìnyín tòun kì í já, fífẹ́ ló ń fẹ́ bí òwú.
Mi ò dá a lóhùn.
Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá Ládiméjì Ṣóbándé,
ọmọ Ìtòkò, òǹkọ̀wé, arìnrìn-àjò tó la òkun kọjá:
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Mo kọ́kọ́ wá a lọ sínú fíìmù.
Ilé sinimá Ìjemọ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì,
ṣùgbọ́n Fáṣínà tó ń yí ẹ̀rọ nígbà náà
ṣì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú agolo bisikíìtì.
A ta aṣọ funfun sára ògiri yàrá rẹ̀.
Ẹni tó ṣe Ṣóbándé níbẹ̀ ga ju fèrèsé lọ,
ó ń fa sìgá bí ẹni tí wọ́n ń sanwó èéfín fún,
odò tí wọ́n pè ní Ògùn kò sì ní àpáta kan.
Fáṣínà rẹ́rìn-ín. "Ìbàdàn ni wọ́n ti yà á.
Ọkùnrin yẹn kúrú. Orí àpótí ló máa ń dúró sí
kó tó lè rí àwòrán lẹ́yìn èrò."
Fíìmù já ní ìdajì. A ò rí ikú rẹ̀.

Mo wá lọ síbi tó ti ń mu,
ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin ní Lafẹ́nwá,
ṣọ́ọ̀bù ìyá Abọ́sẹ̀dé.
Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan kúrú,
wọ́n fi ìdérí ìgò mẹ́rin tì í.
Mo bèèrè ohun tó máa ń mu.
Ìyá náà wọlé, kò sọ̀rọ̀,
ó gbé ìwé kan jáde, èèpo rẹ̀ dúdú fún òróró.

Ọjọ́ Ajé: ẹmu, ife méjì, kò san.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: bíà kan, ó san àbọ̀.
Ọjọ́rú: òjò, kò wá.
Ọjọ́bọ̀: ògógóró. Ó ní ọ̀rọ̀ há òun lọ́fun.

Kò sí ìwé rẹ̀ tí mo kà tó dùn tó èyí.
Ọdún mọ́kànlá gbáko, kò fo ọ̀sẹ̀ kan.

Mo dákẹ́, mo ń ṣírò.
Ọdún mọ́kànlá yìí náà
ni wọ́n ní ó fi gbé Lọ́ńdọ́nù.
"Ìyá, ṣé ó tiẹ̀ rìnrìn-àjò rí?"
"Ó wọ rélùwéè lọ sí Ìlárò lẹ́ẹ̀kan.
Ọjọ́ kejì ló padà, ó ní omi ibẹ̀ kò bá òun lára mu."
Ó wá nawọ́ sí òdìkejì títì,
sí yàrá tútù tí wọ́n ń kó òkú-èkó sí.
"Ibẹ̀ yẹn ló máa ń wọ̀ bí oòrùn bá mú.
Á bẹ ọmọ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn,
á jókòó sáàárín páálí ẹja, á máa kọ̀wé.
Bó bá jáde, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n,
á ní, ẹ kú ilé o, Lọ́ńdọ́nù ń kí yín."

Àwọn baba wa sá sábẹ́ Olúmọ nítorí ogun;
tirẹ̀, oòrùn ló ń lé e.

Mo wọ ibẹ̀. Òórùn ẹja kọlù mí,
òtútù ta mí léyín.
Lókè, lára páìpù, yìnyín ń kó jọ.
Mo dúró. Ó dákẹ́.
Ó já bọ́ sórí bàtà mi.

Mo padà, mo ní kí ìyá ṣírò gbèsè náà kí n san án.
Ó wò mí, ó pa ìwé dé.
"Bó o bá san án tán, kí ni n ó máa kà?"
Mo jókòó sórí àga tó mẹ́sẹ̀.
Mo ra bíà kan, mo san àbọ̀,
mo ní kó kọ ìyókù sílẹ̀.